Ẹ̀rọ Mẹ́rin àti Òròmọ Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n, Oníbéèrè,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn ní wọ́ọ̀dù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ọ̀fìnkìn tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ní tèmi, mo dúpẹ́. Ìbàdí tí wọ́n tún ṣe ń gbé mi dé ibi tí mo bá ní kó gbé mi dé, àfi pé ó máa ń kìlọ̀ fún mi kí òjò tó rọ̀. Àwọn adìẹ ń yé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. O ní ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń wa kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní kírípítò, pé owó tí o tọ́jú fún ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó láti rà wọ́n. O ní kí n sọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbóná tó, bí ó ṣe ń jẹ iná tó, àti bóyá yàrá kan ṣoṣo tí o ń gbé lè gbà á. O tún ní kí n má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, nítorí ẹni tí oríire bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. O wá fi ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ lójú gbogbo ẹbí, ní ọjọ́ tí o wọlé ẹ̀kọ́, parí rẹ̀: “Ẹni tó ní kí oríire lọ wẹ̀ kó tó wọlé, ilé ẹlòmíràn ni oríire náà yóò sùn.” Ní ọjọ́ Ajé, mo rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi máa ṣú, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ ra irú ẹ̀rọ yẹn mẹ́rin. Ẹ̀rọ fótókọ́pì ló ń tún ṣe nígbà náà, bó ṣe ń ṣe é títí dòní, nínú ṣọ́ọ̀bù abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. O mọ̀ pé Afẹ́fẹ́ la ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí àga tó mọ bí ìdí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí onílé ṣọ́ọ̀bù fi ní kó kó wọn jáde. Ó ní ariwo wọn dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè tí kò sì dé orí rẹ̀. Bàbá rẹ wá bẹ̀ mí. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, mo ń sin òròmọdìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo fún un ní yàrá kékeré tó fara ti yàrá òròmọ.

Ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, tọ̀sán-tòru, àwọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn káàkiri ayé. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ìdáhùn ni wọ́n ń fi kọ́ìnì san lẹ́san. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò pọ̀ a máa da agbára pọ̀, wọn a sì pín èrè ní wẹ́wẹ́. Wọ́n ń fi wé wíwa kùsà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, ooru sì ni erùpẹ̀ tó ń jáde.

Ooru yẹn ni èmi rí. Bàbá rẹ ń wo kọ́ìnì, mo ń wo tẹ́mómítà. Òròmọ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí yàrá bá tutù, wọn a máa gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ a sì kú. A lu ihò sára ògiri, a fi páànù ká ihò náà, ooru ẹ̀rọ sì ń rọ́ sọ́dọ̀ àwọn òròmọ. Odidi oṣù mẹ́rìnlá ni n kò fi ra gáàsì. Mo ta hítà méjèèjì tí mo ní. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀, bí ó bá di ọjọ́ kan. Mo bi í pé ta ni olùkọ́ físíìsì nínú àwa méjèèjì.

Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣubú. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé omi àwọn òròmọ, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí mi sì kán. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò ní ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ̀ta òròmọ ọlọ́jọ́ kan ni mo fi sílẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni ọkọ mi kú, mo sì ti bá ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ṣàdéhùn pé ẹgbẹ̀ta yẹn ni mo máa kọ́kọ́ sìn fún wọn. Bí wọ́n bá kú, iṣẹ́ náà kú nìyẹn, èmi a sì di ẹrù mi lọ sí ilé ọmọ, kí n máa jókòó lórí àga ẹlòmíràn. Bàbá rẹ mọ̀. Òun ló ní kí n lọ dùbúlẹ̀, pé òun yóò máa wò wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni owó kọ́ìnì gòkè bí kò ṣe gòkè rí. Gbogbo ènìyàn ń wá ẹ̀rọ, kò sì sí lọ́jà. Ọkùnrin oníbàtà funfun tí o ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ títí wá, ó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́ta iye tí bàbá rẹ ra ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó náà ìbá ra ṣọ́ọ̀bù kan tí kò sí onílé lórí rẹ̀. Bàbá rẹ ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹwàá. Kí ọjọ́ kẹwàá tó pé, ọjà ti já wálẹ̀ bí èso tó rà. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí lẹ́nu ẹbí: ojúkòkòrò ni, ó ń retí kí owó lé sí i. Láti ìgbà náà, bí ó bá kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn nídìí oúnjẹ, ẹnì kan á ní, “Afẹ́fẹ́, tètè mú un o, ẹran yìí ò ní padà wá lọ́jọ́ kẹwàá.” A ó rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì mú ẹran rẹ̀.

Nítorí ìbéèrè rẹ nípa ooru, n kò fẹ́ fi àbá dá ọ lóhùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìwé àtijọ́ tí a fi ń kọ ooru yàrá òròmọ sílẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìlà òòró mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: aago, ooru, ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ló kọ ọ́ ní ọjọ́ mọ́kànlá tí n kò sí nílé, ní wákàtí méjì-méjì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ òròmọ lórí ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwòsàn, orí ọ̀pá ni mo dúró sí ka ìlà ooru láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tó ti lọ sísàlẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n. Nínú ẹgbẹ̀ta, mẹ́sàn-án péré ló kú. Mo yìn ín, mo sì pa ìwé dé. N kò ka ìlà ọ̀rọ̀.

Mo kà á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó wà ní ọjọ́ karùn-ún nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an:

“Aago méjì ọ̀sán. 33. Oníbàtà funfun wá fún ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní òun máa kó wọn lọ lónìí. Mo pe oníhítà, ó ní ó di ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ní kí oníbàtà padà wá lọ́jọ́ kẹwàá. Aago mẹ́rin. 33. Wọ́n jẹun dáadáa.”

Mo jókòó. Hítà kò sí nílé, nítorí èmi ni mo tà á. Ọjọ́ mẹ́jọ kí òmíràn tó dé, ọjọ́ méjì láti so ó mọ́lẹ̀ kí ó sì mú yàrá gbóná: ọjọ́ mẹ́wàá. Ojúkòkòrò kọ́ ló dá ọjọ́ náà, Oníbéèrè. Ọdún mẹ́jọ ni ìdáhùn yìí ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tí mo ti ń mú iyọ̀ lójoojúmọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì ni mo fi sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn.

Ní Ọjọ́rú mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ikùn ẹ̀rọ fótókọ́pì kan ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, íńkì wà ní imú rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà lé orí díńgí ẹ̀rọ. Ó nu ọwọ́, ó wò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé yìí ṣì wà? Ẹ̀yin kì í da nǹkan kan nù.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó de nọ́ọ̀tì kan tán kó tó dáhùn.

“Òròmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn, pé kí wọ́n mú sùúrù, ọjà ti gòkè?”

Mo ní èmi ni kó sọ fún, kì í ṣe òròmọ. Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nígbà náà, àti pé nígbà tí mo dìde, ọpẹ́ ni mo ń dá kiri. Bí òun bá sọ ọ́, ó ní, n kò ní lè jẹ ẹran adìẹ mi láìwo ojú òun mọ́. “Ẹni tí wọ́n ní ó sọ owó nù lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní òròmọ ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹ́ kí n lówó, ẹ̀yin ni wọn ì bá máa wò.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dá mi dúró. Ó ní kí n má sọ òun di ẹni mímọ́. Oníbàtà funfun padà wá lóòótọ́, lẹ́yìn tí ọjọ́ kẹwàá pé, kò sì sí ẹnì kankan nínú ẹbí tó mọ̀. Ìdajì ohun tó dá lé wọn tẹ́lẹ̀ ló mú wá, síbẹ̀ ó ju iye tí bàbá rẹ rà wọ́n lọ. Hítà ti dé nígbà náà. Kò sí ohun tó dì í lọ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní owó àná ni òun fẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án sí i ni ẹ̀rọ náà fi jẹ iná ju ohun tí wọ́n ń wà jáde lọ, títí fáànù wọn fi kú lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìyẹn ni kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,” ni bàbá rẹ wí. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. “Oníbéèrè ló ń bèèrè, àbí?” Ìwọ náà mọ ojú mi. Kò mọ irọ́ pa. Má bínú.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ wá nìyí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nínú yàrá tó tó tìrẹ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, gbé ooru láti mẹ́rìnlélógún dé mọ́kàndínlógójì láàárín ogójì ìṣẹ́jú. O kò ní lè sùn síbẹ̀, méjì kò sì ṣeé rò. Ohun tí fíríìjì mi ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ kan ń jẹ lójúmọ́ kan. Bí àwọn tó ń wà á bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tìrẹ á máa kéré, bí ẹ̀rọ rẹ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni. Mo mọ ẹni tó jèrè níbẹ̀, mo sì mọ bàbá rẹ.

Bí o bá bi mí, jẹ́ kí owó ọdún kẹta wà níbi tí o tọ́jú rẹ̀ sí, kí o parí ẹ̀kọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n àgbà ni ọ́, ọwọ́ rẹ ni ìpinnu wà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o fi owó ẹ̀kọ́ rẹ lọ ra ohun tí o rò pé bàbá rẹ sọ nù. Lọ́jọ́ karùn-ún yẹn, kò sọ nǹkan kan nù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó ń wò ó, ó sì yàn. Gbólóhùn mi nípa oríire tó lọ wẹ̀, mo gbà á padà. Nígbà tí ẹbí bá tún pé jọ, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde, màá sì ka ọjọ́ karùn-ún sí wọn létí.

Kí ọwọ́ rẹ máa tu aláìsàn lára. Kí ohun tí o bá yàn má di àbámọ̀ fún ọ. Kí ojú rẹ má fo ìlà tó yẹ kí o kà, bí tèmi ṣe fò ó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Olóròmọ.

Àfikún: Bàbá rẹ yà síbí láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń wá àpòòwé. Kò bi mí ohun tí mo kọ. Ó kàn ní bí o bá máa lọ wo ẹ̀rọ kankan, kí o má dá lọ, kí o pe òun. Òun mọ ohùn fáànù tó ti fẹ́ kú. Kó tó lọ, ó yọjú sí yàrá òròmọ, ó wo tẹ́mómítà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìlà ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó kọ síbẹ̀ pé: “Wọ́n jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí Oníbéèrè.”