Eré tí mo sá nítorí igi tí ẹ gé

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú yàrá yín ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí láti pọ́n ayùn ẹlẹ́rọ yín. Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìbàdàn, wọ́n lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Èmi nìkan ló kù nílé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Ọ̀yọ́, mo ṣì máa ń sọ pé ẹ kú ilé, kí n tó rántí pé ẹ ti papò dà, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn fún yín.

Ẹsẹ̀ mi ti wú. Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mo sáré láti Fìdítì níbí dé Ìlọra, mo sì tún sáré padà. Nítorí odò ẹ̀yìn oko wa ni. Odò tí ẹ máa ń fọwọ́ bu omi rẹ̀ mu lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ ó sì fi èyí tó kù nu lẹ́búlẹ́bú igi kúrò ní etí yín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé báyìí, iyanrìn ló máa ń kù níbẹ̀. Igi tó ṣíji bò ó ti tán. Àwa díẹ̀ kan wá kóra jọ pé a ó tún igi gbìn sí etí odò, a ó sì bẹ aráàlú kí wọ́n má gé ìwọ̀nba tó kù. Èmi ni mo ní màá sáré, kí àwọn èèyàn lè rí wa, kí wọ́n sì dá owó tí a ó fi ra ọmọ igi. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: mi ò gbọdọ̀ fi mọ́tò tàbí ọ̀kadà gé ọ̀nà kúrú. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kálukú á mú owó rẹ̀ sápò.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Gbogbo ẹni tó rí mi ní títì ló ń wo ẹ̀yìn mi bóyá wọ́n á rí ejò náà. Ìyá kan ní Jóbẹ̀lẹ̀ káwọ́ lérí, ó rò pé ìròyìn òkú ni mo ń gbé lọ. Ọlọ́kadà mẹ́ta ló dúró, ọ̀kan ní òun ò gbowó, kí n ṣáà gùn ún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ejò wà, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Gbogbo ibi tí a ti lọ sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, títí dé orí rédíò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ta ló gé igi etí odò yìí? Èsì kan náà ni mo sì ń fọ̀, pé àwọn agégi àjèjì ni. Mo sọ ọ́ títí ó fi rọrùn lẹ́nu mi. Àjèjì wo? Ayùn yín ni. Ẹ̀yin àti Bàbá Ṣítù, ọ̀rẹ́ yín ní Ìmíní, tó máa ń di okùn mú bí igi bá fẹ́ wó. Apá, arère, àti ìrókò ńlá yẹn tó gbà yín ní odindi ọjọ́ méjì. Ìrókò yẹn ló san owó ilé-ìwé mi. Mo jẹ igi náà, mo wá ń purọ́ mọ́ àjèjì. Ṣé tiyín ló ń tì mí lójú ni, àbí tèmi?

Mo ti ń padà bọ̀ láti Ìlọra, oòrùn ti mú, nígbà tí mo dé iwájú ilé Bàbá Ṣítù. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọ̀dàn. Ẹ mọ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ kì í gbà ká kàn fọwọ́ kanlẹ̀. Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ dìde títí àgbà yóò fi ní ká dìde. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún yín láàárọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ wúkọ́, ẹ ó ki oríkì mi dé ìdajì, ẹ ó tó wá ní kí n dìde. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn. Mo rò ó pé kí n kàn juwọ́ sí Bàbá Ṣítù kí n sì kọjá. Ara mi kọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ni iṣan ẹsẹ̀ mi méjèèjì bá fà. Wọ́n ní kí n dìde, mi ò lè dìde. Kí n tó ṣàlàyé, ariwo ti ta pé mo ti dákú. Wọ́n da omi sí mi lórí. Ẹnìkan ń fi fóònù yà mí. Bàbá Ṣítù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi, mo rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ ṣe.

“Mo gbọ́ ohùn ẹ ní rédíò,” ni wọ́n wí. “Ṣé èmi àti bàbá ẹ la wá di àjèjì?”

Kí n tó lanu, wọ́n ti gbé mi sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù ní Jóbẹ̀lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní iṣan lásán ni, ó fún mi ní omi oníyọ̀ mu. Ọ̀kadà ti bá mi gé ọ̀nà kúrú nìyẹn. Ǹ bá ti Jóbẹ̀lẹ̀ máa lọ sílé, ta ni ì bá mọ̀? Mo bẹ ọlọ́kadà náà kó dá mi padà sí ojú ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí gan-an. Irọ́ kan ti tó mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àga Bàbá Ṣítù ṣófo, wọ́n ti lọ kírun. Ilẹ̀ ṣì tutù níbi tí wọ́n ti da omi sí mi lórí. Ibẹ̀ ni mo ti tún eré bẹ̀rẹ̀.

Eré wo? Mo ń tiro ni. Fọ́tò mi ti dé orí fóònù gbogbo ayé, wọ́n ti gbà pé orí ọ̀kadà ni eré mi parí sí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé etí odò. Wọ́n ti to àga jọ, àwọn ọmọ igi wà nínú ọ̀rá dúdú wọn, kò sí èèyàn kankan. Láti Ìmíní ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Mo fẹ́ dárúkọ yín. Ọjọ́ tí mo rí ẹnu sọ òtítọ́, kò sí etí tó máa gbọ́ ọ. Ó dùn mí gan-an.

Láàárọ̀ yìí, ọlọ́kadà yẹn bá mi jẹ́rìí pé òun dá mi padà. Àwọn tó dá owó ti gbà. Sátidé tó ń bọ̀ la ó gbin igi, èmi ni wọ́n sì máa gbé makirofóònù fún. Màá sọ pé bàbá mi ló gé e, pé èmi ló gé e fún. Màá kọ́kọ́ lọ bẹ Bàbá Ṣítù. Ṣé ẹ ó bínú? Ṣé ẹ fara mọ́ ọn? Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ gbọ́ èsì.

Ohun kan ló kù. Kùkùté ìrókò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kí n tó kúrò létí odò lánàá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kí yín. Àyà mi kan ilẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀, Bàbá, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ń retí kí ẹ wúkọ́, kí ẹ ki oríkì mi dé ìdajì, kí ẹ ní kí n dìde. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo dá ara mi dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tí igi yín rán nílé-ìwé, tí àárò yín ń sọ.