Ọkùnrin Tó Jókòó sí Ìdí Ọkọ̀

Ilé Kejìlá, Òpópónà Alder,
Hillcrest Heights,
Maryland, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Rasaq, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà? Ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Mo tún kí ọ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo mọ̀ pé ìwé yìí á yà ọ́ lẹ́nu, nígbà tí WhatsApp wà. Má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni kò ṣeé fẹnu sọ, wàá rí i níwájú.

Ara mi le, mo dúpẹ́, àmọ́ ilé ti dákẹ́ jù. Láti Oṣù Kẹwàá ni Mùlíkàt ìyàwó mi ti wà ní Texas lọ́dọ̀ Inaayah, ọmọ wa tó bímọ. Ó ní oṣù méjì lòun máa lò. Ó ti di mẹ́rin báyìí, ọmọ-ọmọ mi ti gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Inaayah máa ń pè mí lọ́jọ́ Sunday. Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ, kì í sì í pẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nìkan ló ń fọhùn. Àjò ò ní dùn kónílé má rèlé, àwa là ń sọ ọ́, àwa náà la jókòó síbí.

Ibi iṣẹ́ mi tuntun wà ní Beltsville, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó fọ́tò àtijọ́ pamọ́ sí. Èmi ni mò ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpótí tí wọ́n gbé fún mi lóṣù tó kọjá jẹ́ ti àwọn ọdẹ àti apẹja nínú igbó àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo odò fún oṣù mẹ́fà. Fọ́tò náà á tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Rasaq, ìwọ ló yẹ kó o rí wọn! Èèpo igi ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ wọn, ó sì fúyẹ́ débi pé ọkùnrin kan ṣoṣo á gbé e rù, á gba inú igbó kọjá láti odò kan sí èkejì. Ẹja wà níbẹ̀ tó gùn tó apá. Ẹran kan wà tó ga ju màlúù lọ, ìwo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, òórùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ń wá sí mi nímú. Mo ń bá àwọn òkú inú fọ́tò sọ̀rọ̀, mo ń sọ fún ẹni iwájú pé kó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè bá sọ ọ́.

Ohun tó bí mi nínú ni ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwọn fọ́tò náà. Àwọn òyìnbó tó gbé ìbọn dání, orúkọ wọn pé, ìlú tí wọ́n ti wá náà pé. Ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ọmọ onílẹ̀ tó mọ ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi, “amọ̀nà” ni wọ́n kọ. Ọkùnrin kan náà wà nínú fọ́tò mọ́kànlá, àpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, amọ̀nà ni wọ́n ń pè é kiri. Mo gbé e lọ bá Jessica ọ̀gá mi, mo ṣàròyé dáadáa. Ó ní òun ò lè kọ ohun tí kò sí. Ni mo bá fọ́nnu, o ṣáà mọ̀ mí. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn ò lè tù ọ́ kọjá omi kó o má mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú fọ́tò tiwa lọ, èyí tí tíṣà wa nílé ìwé yà wá létí ọ̀sà lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, kí n lè fi hàn án bí a ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá mi ló wà níwájú, èmi wà láàárín, bàbá rẹ wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́.

“Ta lẹni ẹ̀yìn yìí?” Jessica ló bi mí.

“Bàbá Rasaq.”

“Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn?”

“Rárá o. Rasaq lọ̀rẹ́ mi, bàbá ẹ̀ nìyẹn.”

“Kí wá lorúkọ tiẹ̀?”

Rasaq, mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Rasaq ni bàbá mi ń pè wọ́n, Bàbá Rasaq ni Ìyá ń pè wọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń fi pè ọ́ tẹ̀ lé Rasaq nílé ìwé, ti bàbá rẹ àgbà ni. Ta ni mí tí n ó máa dárúkọ àgbà? Ẹ̀kọ́ ilé ni. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ dojú dé láàárín ọ̀sà, àwọn ni wọ́n fi ọrùn ẹ̀wù fà mí jáde, tí wọ́n sì gbé mi dé èbúté. Jessica ò fi mí rẹ́rìn-ín, ó rọra dá fọ́tò náà padà fún mi. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ti lọ, mi ò lè bi wọ́n mọ́. Nígbà tí o pè mí ní Oṣù Kejìlá pé Bàbá ti jáde láyé, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ní kí Ọlọ́run forí jin Bàbá Rasaq. Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí, èmi ni mi ò mọ̀. Ogójì ọdún ni mo fi jẹ ọmọ ilé yín! Ojú ń tì mí. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyẹn, torí mo mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ dákẹ́ lórí fóònù, ìdákẹ́ tó wà lọ́dọ̀ mi níbí sì ti pọ̀ tó.

Jọ̀wọ́, fọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ wọn sí mi lódindi, pẹ̀lú oríkì tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n. Bí ìwọ náà ò bá mọ̀ ọ́n tán, lọ bi Ìyá nígbà tí wọ́n ṣì wà. Mo ti kọ orúkọ bàbá mi sẹ́yìn fọ́tò náà, mo ti kọ tèmi. Àyè tí mo fi sílẹ̀ gba ìlà mẹ́ta.

Bá mi kí Ìyá, kó o sọ fún wọn pé òtútù ò tíì pa mí. Kí ìyàwó rẹ, kó o sì kí àwọn ọmọ. Bàbá Inaayah ni wọ́n mọ̀ mí sí, nítorí náà fi ìsàlẹ̀ ìwé yìí hàn wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Sàláhúdéènì Àkànní, ọmọ Ganíyù Ọlájídé.