Ẹnu Mi Tí Wọ́n Sọ Di Ẹnu Ará Kútọnu

Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Àwọn Olùkọ́,
Lẹ́yìn Oríta Mowo,
Badagry, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìlanilọ́yẹ̀ Lórí Ìtọ́jú Eyín ní Etíkun,
Badagry.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ PÁTÁKÓ “EYÍN ARÁ KÚTỌNU,” ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ẸNU NÁÀ PADÀ FÚN ẸNI TÓ NI Í

Orúkọ mi ni Bólúwají Tẹjúmádé. Ọmọ Èkìtì ni mí. Ó di ọdún kẹrìnlélógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Mowo. N kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ ọ́ rí, nígbà tí ewúrẹ́ àdúgbò ń wọ kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà sì yanjú.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní ọdún yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín ta kánópì sí oríta Mowo, wọ́n ń yẹ eyín wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tò sórí ìlà. Dókítà Ọláfúnkẹ́, obìnrin onísùúrù, tan iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó títí. Ó bi mí bóyá omi kànga ni mo mu dàgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kànga abúlé wa. Ó ní, “Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó wà lára eyín yín yìí, omi ló fà á, ẹ ò lẹ́bi. Àwọn ihò wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ fà wọ́n.” Mo jẹ́wọ́ fún un pé láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé àwọn òbí mi, n kì í fọ eyín lálẹ́, àti pé eyín iwájú mi tó kán, ìgò mọ́ọ̀tì ni mo fi ṣí. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Waliyat ní òun fẹ́ ya ẹnu mi ní fọ́tò. Ó ní, “Bàbá, ojú yín ò ní hàn. Inú fáìlì ló ń lọ.” Mo la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pátákó yín jáde lójú títì láti Morogbo títí dé Apá. Ẹnu kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, eyín kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: EYÍN ARÁ KÚTỌNU RÈÉ. ṢÉ BÁYÌÍ LO FẸ́ KÍ TÌRẸ RÍ?

Ìyàwó mi, Dosi, ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ọmọ Apá ni, Ẹ̀gùn ni èdè tó gbọ́ kó tó gbọ́ Yorùbá. A jọ wà nínú mọ́tò. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó tún wo pátákó. Ó ní, “Bàbá Démiládé, ẹ la ẹnu.” Mo la á níwájú gbogbo èrò ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ẹ̀gùn. Ẹ̀gùn ló máa ń bá mi sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìjà.

Ohun tó mú kó ká a lára bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè, ni wọ́n ti bí màmá, ọdún méje sì rèé tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè wá ní ìhà ọ̀hún tí àwọn ará ìhín kò ní pè é ní ará Kútọnu. Màmá ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, eyín rẹ̀ pé méjìlélọ́gbọ̀n. Ní àràárọ̀, ó máa ń jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú pákò, kì í dìde títí oòrùn yóò fi gun òrùlé. Ìrèké tí èmi kò lè fi ọ̀bẹ là, eyín ló fi ń là á. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì, obìnrin ẹlẹ́ja kan nítòsí pátákó yín sọ fún un pé, “Màmá Kútọnu, ẹ fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ tó ná ẹja mi.” Màmá ṣáà ná an. Ó ra ẹja náà, ó sè é, ó bu fún wa, a jẹ ẹ́ tán, ó wá di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun kò lè máa bá ẹnu tí wọ́n fi ń bú òun gbé inú ilé kan náà. Dosi tẹ̀ lé e lọ sí Àjàṣẹ́. Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí. Gààrí ni mò ń mu, omi tútù rẹ̀ sì ń wọ àwọn ihò náà.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà. Ọ̀gbẹ́ni Túnjí Sùnmọ́nù, tó ń bójú tó ìkéde, fún mi ní ìjókòó. Mo bi í pé níbo ló ti rí i pé eyín ará Kútọnu kò dára. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀. Mo ní èmi náà wà nínú ayé, n kò mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní Adékọ́lá ló sọ ọ́, dírẹ́bà tó máa ń gbé wọn lọ sí Sẹ̀mẹ̀. A pe Adékọ́lá. Ó ní òótọ́ ni, òun fi ojú ara òun rí ọkùnrin kan ní ẹnubodè tí eyín rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, tó ń sọ Faransé. Mo ní, “Ẹni mélòó lẹ rí?” Ó ní ẹnìkan. Mo ní, “Ṣé ará Kútọnu ni?” Adékọ́lá wolẹ̀. Ó ní, “Bí mo ṣe rántí, sà, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé e lọ síbẹ̀.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù ní wọ́n ti tẹ pátákó tán, orúkọ nìkan ni ọ̀dà lè pa rẹ́. Ó ní bí ará Kútọnu bá ń bínú, àwọn lè fi ará Tógò sí i. Bí ará Tógò náà bá bínú, àwọn yóò fi òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sí i, nítorí pé ọ̀nà wọn jìn, wọn kò ní rí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ Nàìjíríà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló ni ẹnu yìí, ọmọ Nàìjíríà náà ni káfíńtà Sẹ̀mẹ̀. Ó ní ìyẹn yóò ba orúkọ orílẹ̀-èdè jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, mo sọdá lọ sí Àjàṣẹ́ láti bẹ àna mi. Àwọn ẹbí jókòó yí mi ká. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, gẹ́gẹ́ bí àna rere. Àbúrò màmá, bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, fi àánú wò mí. Ó ní, “Ẹ má bínú, àna wa. A mọ̀ pé bí eyín àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń rí nìyẹn.” Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, àwọn rí i ni, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá kí wọn lórí ọ̀rọ̀ Dosi. Mo rán an létí pé ọmọ Nàìjíríà ni bàbá Dosi pẹ̀lú, ará Apá pọ́ńbélé. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ará Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n àwọn ni.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ojú tì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ààlà ilẹ̀ sójú pátákó kíláàsì, n kò mọ̀ pé ẹnu mi kan ṣoṣo ti ba orúkọ jẹ́ ní ìhà méjèèjì. Lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi ń mọ tiwa. Níhìn-ín, òun lẹ fi ń bú tiwọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Ó ní, “Àna mi, ẹ dìde. Ẹnu yín kò ṣẹ̀ mí, ọdún méje ni mo ti ń dáná fún un. Orúkọ tí wọ́n fún un ni n kò gbà.”

Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹ wó pátákó náà. Ìmọ̀ràn inú rẹ̀ dára, èmi gan-an ti ń fọ eyín lálẹ́ láti oṣù Kìíní. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ pa “ará Kútọnu” rẹ́, kí ẹ má fi orílẹ̀-èdè kankan rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: “Eyín Bólúwají Tẹjúmádé, olùkọ́ ní Mowo, rèé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kò fi fọ eyín lálẹ́. Ó sì máa ń fi eyín ṣí ìgò.” Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò rí i. Wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n ó gbé àkàbà àti ọ̀dà, n ó bẹ̀rẹ̀ láti pátákó Apá, n ó sì kọ̀wé sí yín láti fi ibi tí mo bá iṣẹ́ dé tó yín létí.

Mo fi fọ́tò kan mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè lò ó dípò ti àkọ́kọ́. Ojú mi hàn nínú èyí. Dosi ló yà á fún mi ní àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín dáadáa, kí ará ìhín àti ará ọ̀hún lè mọ ẹni tí à ń wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ ọn bó ṣe rí. Ó mì díẹ̀, nítorí pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ẹni tó ni ẹnu náà,

Bólúwají Tẹjúmádé
Olùkọ́ Àgbà, Ẹ̀ka Jọ́gíráfì