Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Kẹ̀kẹ́ Mẹ́rin àti Èéfín Ọkọ̀ Lẹ́tà

Ojúlé Kejìlá,
Agbo-ilé Oyèlẹ́yẹ,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, Ọdún 1998.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ìrìnnà Lẹ́tà,
Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÈÉFÍN ỌKỌ̀ TÓ Ń GBÉ LẸ́TÀ NÍ ÌWÓ, ÀTI KẸ̀KẸ́ MẸ́RIN TÍ WỌ́N FẸ́ TÀ BÍ ÀLÒKÙ IRIN

1. Orúkọ mi ni Rokibat Oyèlẹ́yẹ. Aránṣọ ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fojú fò ó, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà. Ọkọ mi, Abdulganiyu Oyèlẹ́yẹ, fi kẹ̀kẹ́ nọ́mbà keje pín lẹ́tà ní Ìwó, Olúpọ̀nnà àti Kuta fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1996. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìyẹn.

2. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ àpò lẹ́tà fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ní bọ́ọ̀sì. Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù, ti ọkọ mi wà lára wọn, sínú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n tì í. Wọ́n ní ayé ti lajú.

3. Bọ́ọ̀sì náà kò ní sítátà. Ní aago méje òwúrọ̀, àwọn tó wà nítòsí á bá dírẹ́fà tì í títí á fi dáhùn. Láti ìgbà náà kò tún ní pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Bí dírẹ́fà ti ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì tó ń ru èéfín, ó lọ kírun, ó kírun tán, ó sì tún bá a bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màmá, tó bá kú, ṣé ẹ̀yin lẹ máa tì í ni?” Mo ní màá tì í. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi.

4. Ó máa ń lọ sí Olúpọ̀nnà, á padà sí Ìwó, á wá dúró fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tún lọ sí Kuta. Àpò Olúpọ̀nnà kò tóbi ju àpò ìwé ọmọléèwé lọ. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ọkọ mi máa ń fi tirẹ̀ kọ́. Lásìkò yìí tí àwọn ènìyàn ń tò fún epo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, epo kì í wọ́n bọ́ọ̀sì yìí, kò sì sẹ́ni tó ń wá sítátà fún un. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ọkọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ta ló lè sọ iye epo tó jẹ? Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọkùnrin méjì kan máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì yẹn a fò fẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ń wọlé. Bí wọ́n bá ń jáde, èjìká wọn a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èjìká ni iṣẹ́ mi; mo mọ èyí tó tẹ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń béèrè ni.

5. Kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán ni, mo gé aṣọ pópílìn funfun kan sí méjì. Mo so èkíní mọ́ fèrèsé mi láti ọjọ́ kejì títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bọ́ọ̀sì náà bàjẹ́, kò jáde rárá. Mo so èkejì mọ́ ibì kan náà fún iye ọjọ́ kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eruku ọyẹ́ ni, nítorí ọyẹ́ fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Eruku ọyẹ́ pupa, ó sì ṣeé gbọ̀n dànù. Èyí tí ẹ máa rí lára aṣọ àkọ́kọ́ dúdú, ó sì ń fa ọwọ́ bí òróró. Àwọn méjèèjì wà nínú àpò-ìwé yìí. Òwú pupa ni mo fi ṣẹ́ etí àkọ́kọ́, òwú aláwọ̀ ewé ni mo fi ṣẹ́ etí èkejì, nítorí ohun tó bá gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá lè pààrọ̀ ara rẹ̀ lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ ọ̀kankan nínú wọn.

6. Ní ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀sì bàjẹ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀, tí òun àti ọkọ mi jọ ń pín lẹ́tà, yá kẹ̀kẹ́ àna rẹ̀. Ó lọ sí Olúpọ̀nnà, ó lọ sí Kuta, ó sì dé kí wọ́n tó kírun Alásárì. Lẹ́tà kan kò sùn. Ìyá àgbà kan ní Kuta, Màmá Àjíkẹ́, ló ránṣẹ́ sí mi pé ṣé Ganiyu ti ní arọ́pò ni, nítorí ẹnìkan wọlé wá ka lẹ́tà ọmọ òun fún òun. Dírẹ́fà kì í wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ẹnu títì ló ń ju gbogbo àpò sí. Àfi Màmá Àjíkẹ́ àti aṣọ mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kò jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

7. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, rédíò sọ pé àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí ilẹ̀ Jàpáánì nítorí èéfín tó ń mú ayé gbóná. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá bí yóò ṣe dín tirẹ̀ kù. Mo dúró títí kí wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan Ìwó. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

8. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé lónìí nìyí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn yóò ta kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àlòkù irin, nítorí pé wọn kò ṣeé gùn mọ́. Ta ló gùn wọ́n kó tó mọ̀? Oṣù kan kí ọkọ mi tó kú ló pààrọ̀ ṣéènì nọ́mbà keje àti táyà rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ wò wọ́n. Ó ní irin wọn le, ṣùgbọ́n fáàfù tí wọ́n ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kò sí lára ẹyọ kan nínú wọn. Táyà mẹ́jọ, fáàfù mẹ́jọ, nínú ilé tí wọ́n tì pa. Táyà a máa jò. Kì í yọ fáàfù ara rẹ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìbéèrè mi má kó bá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀.

9. Bí ọkọ mi bá ti dé orí afárá nígbà tó bá ń bọ̀ láti Kuta, ó máa ń lu agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlélógún nìyí. N kò ní kọ púpọ̀ lórí ìyẹn, kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ń gbọ́.

10. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sí ọ́fíìsì yín. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, akọ̀wé yín ní ẹ kò sí lórí ìjókòó. Kóòtù yín wà lẹ́yìn àga, fáànù ń fẹ́ sí i, ife tíì yín ṣì gbóná. Mo fara balẹ̀ jókòó títí tíì náà fi tutù. Ìṣẹ́tí apá òsì kóòtù náà ti tú. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, màá bá yín rán an, n kò ní gba nǹkan kan. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo wá lóòótọ́.

11. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ dá títa kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn dúró. Kí kẹ̀kẹ́ máa pín lẹ́tà ìgboro, Olúpọ̀nnà àti Kuta. Kí ọkọ̀ máa gbé ẹrù tó wúwo nìkan, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n ra sítátà fún un, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa kú bí kò bá rìn. Kí ẹ sì rán ẹni tí kò mọ agbaṣẹ́ṣe yẹn rí wá wo ọjọ́ Ẹtì kan láti fèrèsé mi. Àga wà.

12. N kò ju lẹ́tà yìí sínú àpótí. Mo bá àwọn tó ń lọ ọjà wọ ọkọ̀ wá sí Òṣogbo, akọ̀wé yín yóò sì buwọ́ lù ú pé òun gbà á. Ẹ óò rí fáàfù méjì nínú àpò-ìwé yìí, mo wé wọn sínú bébà. Nígbà tí ọkọ mi ra táyà tuntun ló ra wọ́n ní àfikún, tó kó wọn sínú agolo bọ́tìnnì mi. Ó ní nǹkan kì í pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí ìjọba. Ti nọ́mbà keje ni. Yàtọ̀ sí wọn, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù tí kẹ̀kẹ́ náà nílò, afẹ́fẹ́ sì wà ní Ìwó, bí ẹ bá bá wa gbà á lọ́wọ́ èéfín.

13. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdáhùn yín rán Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ sí mi kí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tó pé. Bí ó bá jẹ́ ìró ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́, mo ti mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà yín, n kò ní já a. Bí ó bá jẹ́ agogo ni, kí ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì lórí afárá. Màá ti gbé omi sílẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, lẹ́nu fèrèsé,

Rokibat Oyèlẹ́yẹ (Ìyáàfin),
Aránṣọ, opó Abdulganiyu Oyèlẹ́yẹ, apínlẹ́tà.