Àwọn Elégbè Mi Ní Kí N Kí Yín

Màmá mi,

Ẹ kúulé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀. Ara mi le koko.

Orin tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yẹn, ó kù díẹ̀ kó pa mí lẹ́kún. Bí mo bá kọrin sínú máíkì, ohùn mi á máa rìn gbẹ̀rẹ́ bọ̀ wá sétí mi bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo pààrọ̀ wáyà, kò gbọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ó kàn ń wò mí ni. Àṣé dráífà, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí máíkì àti kọ̀ǹpútà gbọ́ra wọn yé, ti máíkì mìíràn ni mo fi sí i! Mo fi tirẹ̀ gan-an sí i, ló bá ń dáhùn kíá.

Ẹ ní ẹ gbọ́ elégbè mẹ́ta, pé inú yín dùn pé mo ti rí ẹni bá rìn. Ọmọlúàbí ni wọ́n o. Inú kọ́bọ́dù aṣọ mi ni gbogbo wa ti ń kọrin, kí aládùúgbò má baà tún lu ògiri. Àyè sì gbà wá dáadáa. Wọn kì í pẹ́ dé, wọn kì í bá mi jà. Ìgbà tí ọ̀fìnkìn mú mi nìkan ni kò sí ìkankan nínú wọn tó lè gbè.

Ẹ ní ohùn ẹni tó ń gbè nísàlẹ̀ jọ ti Bàbá wa tó ti sinmi. Mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n àtàwọn ọmọ. Àwọn elégbè mi náà kí yín. Màmá ni gbogbo wọn ń pè yín.