Sàárà Tí Mo Gbà Lẹ́nu Géètì

Ilé Sanmí,
Ọlọ́runṣògo, Ìbàdàn.

Rùqáyyàh ọ̀rẹ́ mi, ìyá Luqman,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé, mo kí orúnkún rẹ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu lásìkò òjò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àwọn ewúrẹ́ mi tí mo fi sílẹ̀ fún ọ kì í wọ oko olóko? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù rẹ a máa pariwo. Ohun tí mo bá sọ, gbogbo agbo ilé ló máa gbọ́ ọ. Tèmídayọ̀, ìyàwó Sanmí, ló máa bá mi fún awakọ̀ Lálúpọn. Mo ti lẹ ẹnu àpòòwé rẹ̀ pọ̀. Jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni kí o kà á.

O rántí bí mo ṣe kúrò nílé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Mo ní ọmọ mi ń mú mi lọ jẹ ìgbádùn. Mo tiẹ̀ ní kí ẹ wá wò mí bí ẹ bá fẹ́ rí ilé. Ilé náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí Sanmí àti ìyàwó rẹ̀ fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Gbogbo géètì àdúgbò yìí, títì pa ni. Mo kan ti aládùúgbò kan láti kí i, ó fèsì láti inú ilé pé àwọn ò ra nǹkan o. Lọ́jọ́ kan, mo kàn ṣàkíyèsí pé láti àárọ̀, n kò tíì gbọ́ ohùn ara mi.

Ni mo bá gbé àpótí síwájú géètì, mo jókòó, kí n lè máa kí àwọn tó ń kọjá. Ìró àtijọ́ tí mo fi ń re oko ló wà lára mi. Obìnrin kan yà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó fi àkàrà inú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Màmá, sàárà ni o. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún ọmọ mi, ara rẹ̀ ò yá.”

Rùqáyyàh, n kò sọ fún un pé n kì í ṣe alágbe. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún mi. Mo gbàdúrà fún un bí a ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, títí òógùn fi bò mí.

Èyí tó ń tì mí lójú jù nìyí: lọ́jọ́ kejì, mo wẹ̀, mo nawọ́ sí aṣọ gidi, mo dá a padà. Ìró oko yẹn ni mo tún ró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Obìnrin náà tún wá, ó mú ẹlòmíràn dání. Wọ́n ń fún mi lóhun jíjẹ, mo ń gbà á, kí wọ́n má baà ṣíwọ́ wíwá.

Àfi bí Sanmí ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìrò tẹ́lẹ̀. Obìnrin yẹn wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi. Bí ó ṣe rí Sanmí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fún màmá yìí ní nǹkan. Àdúrà wọn ń gbà.”

Sanmí ní, “Ìyá mi ni.”

Obìnrin náà dìde, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sá lọ.

Ọmọ mi mú mi wọlé. Kò pariwo. Ó bi mí pé, “Màámi, ṣé ebi ń pa yín nílé mi ni?” Mo ní, “Ebi kọ́, ọmọ mi. Ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ ni n kò rí.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́ ládùúgbò tó ti níyì. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń jẹun, èmi àti òun kì í lè wo ojú ara wa.

Lánàá, ó ní bí mo bá fẹ́ padà sílé, òun á gbé mi wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á sì máa wá wò mí. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wo ni n ó fi wọ Lálúpọn, èmi tí mo fọ́nnu kí n tó lọ? Bí o bá lè gbà mí láìfi mí rẹ́rìn-ín, bá mi ṣí fèrèsé yàrá mi kí atẹ́gùn wọlé.

Kí Ọlọ́run tí èmi àti ìwọ jọ ń ké pè má jẹ́ kí ilé rẹ dá páropáro. Kí ọmọ tó o bí máa gbọ́ ohùn rẹ, kí ìwọ náà máa gbọ́ tirẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Morónikẹ́, ìyá Sanmí.

Mo gbàgbé: bí wọ́n bá bi ọ́ ìdí tí mo fi padà, sọ pé omi ìlú ò bá mi lára mu. Rárá, má purọ́ nítorí tèmi. Sọ fún wọn pé mo dá nìkan wà, n kò sì lè fara dà á.