Aṣọ Wà, Aṣọ Ò Sí

Bàámi, awakọ̀ ojú irin, ọkọ Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọyẹ́ ti tún dé. Kódà l'Ékòó tí mo wà yìí, mo jí láàárọ̀, gbogbo nǹkan ṣú fúrúfúrú, mo rò pé ilé wa ní kọ́tà rélùwéè ní Kánò ni mo wà. Mo tiẹ̀ ń retí fèrè ọkọ̀ yín.

Ṣé ẹ rántí àwọn aṣọ tí Màámi máa ń sá sórí okùn lẹ́yìn ilé, kí ẹ lè mọ bí ilé ṣe rí bí ọkọ̀ yín bá ń kọjá? Kantin Kwari, ọjà aṣọ Kánò, ni wọ́n ti rà wọ́n. Funfun ni àlàáfíà, aró ni kí ẹ ra iṣu bọ̀, pupa ni pé ara ọmọ ò yá. Ọyẹ́ wá dé, eruku sọ funfun di pupa rúsúrúsú. Háà, Bàámi! Ẹ sáré wálé láì dé fìlà, ẹ bá mi níbi tí mo ti ń jẹ kósáì, àkàrà àwọn Hausa. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹ jọ fẹnu kò: aṣọ wà, ilé dára, aṣọ ò sí, ẹ tètè máa bọ̀. Eruku ì báà bò ó, aṣọ náà ni.

Ẹ wá gbọ́. Wọ́n ti gbà mí sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìṣirò kan tó tóbi ju yàrá wa lọ, tó ń hùn bí ẹni tó ń sùn. Nǹkan méjì péré ló mọ̀: iná wà, iná ò sí. Mo kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Àṣé iná inú wáyà kì í dúró sójú kan; ó ń dín, ó ń lé. Bí a bá pín in sí ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹẹ́ta á máa jọ ẹẹ́rin. Ṣùgbọ́n wà tàbí kò sí, bó tilẹ̀ dín díẹ̀, ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n, á tún un ṣe kó tó fi ránṣẹ́ síwájú. Méjì yẹn náà ni wọ́n ń tò tò tò, tó fi ń di iye yòówù. Mo ń wo iná kéékèèké tó ń tàn tó ń kú, ẹ̀yìn ilé wa ni mò ń rí. Àárò yín sọ mí.

Bàámi, ọ̀rọ̀ Màámi ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Niger Street ní Kánò ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan. Mo fẹ́ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá Kánò ń pa wọ́n lára ni àbí òun ló ń gbé wọn ró. Ohun yòówù tí mo bá bi wọ́n, lafiya lau ni ìdáhùn wọn, àlàáfíà ni, oúnjẹ o, oorun o, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ṣé wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀? Ṣé ibojì yín ni wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀?

Ẹ̀rọ mi kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó wà láàárín wà àti kò sí. Ṣe ló ń gé e dànù. Èmi, àárín yẹn gan-an ni mò ń wá lọ́dọ̀ Màámi. Mo ti gba ìsinmi. Lọ́jọ́ Sátidé, mà á wọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Mi ò ní béèrè bóyá ara le. Mà á jókòó tì wọ́n, mà á máa bá wọn ṣa ẹ̀wà, títí ẹ̀rín yẹn á fi tán lẹ́nu wọn.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó ṣì fẹ́ràn yín.